Obìnrin Ẹnu Kànga

Birmingham,
Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kejì, 2025.

Ìyá mi àtàtà,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ọjà, ẹ kú ooru. Ṣé àlàáfíà ni bàbá mi wà? Ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́ díẹ̀? Mo mọ̀ pé ẹ ó sọ pé ó ti san, mi ò sì ní gbà á gbọ́. Èmi wà dáadáa. Òtútù ibí yìí ń bá mi jà, èmi náà ń fi súwẹ́tà bá a jà padà.

Lẹ́tà ni mo kọ nítorí ẹ sọ fún mi pé bí mo bá fi ohùn ránṣẹ́, gbogbo ìsọ̀ tó yí yín ká ní Láfẹ́nwá ló máa ń bá yín gbọ́ ọ. Èyí kò yẹ kí wọ́n gbọ́. Ẹ jókòó kí ẹ tó kà á.

Mo rí iṣẹ́ kan, yàtọ̀ sí ti ilé àwọn arúgbó tí mo ń ṣe. Àwọn kan ń fi ohùn Yorùbá sí fíìmù Òyìnbó, irú èyí tí ọkùnrin máa ń fò lójú ọ̀run tó ń gba ayé là. Balógun Òfuurufú la sọ ọkùnrin náà ní èdè tiwa. Èmi ni wọ́n ní kí n fi ohùn mi ṣe Náómì, obìnrin tí Balógun náà fẹ́ràn. Ọ̀pọ̀ ni wá tí a lọ dán ohùn wò, èmi ni wọ́n mú.

Ẹ bá mi yọ̀, ẹ sì bá mi ronú. Náómì kì í ṣe obìnrin tó máa dúró sórí òrùlé kó máa ké "ẹ gbà mí o" títí ọkùnrin yóò fi fò dé. Òun ló ń tún ìyẹ́ irin Balógun ṣe. Òun ló ń mọ̀ pé ìjì ń bọ̀ kí ìjì tó dé. Ó tún wá ní ẹnu! Nígbà tí ọkùnrin náà kọ́kọ́ bà sórí òrùlé rẹ̀, tó na ọwọ́, tó ní, "Má bẹ̀rù, èmi nìyí," Náómì wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní, "Mo rí ọ. Orí wáyà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ so lo dúró sí." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ kò dùn lẹ́nu mi. Èyí tí Òyìnbó fi ń rẹ́rìn-ín, tí mo bá sọ ọ́ ní Yorùbá, èébú ló ń dà. Níbì kan ó ní, "Ṣé o gbàgbé ọpọlọ rẹ sókè níbẹ̀ ni?" Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, Herbert ọ̀gá wa ní ó dà bíi pé mo fẹ́ kọ ọkùnrin náà sílẹ̀. Ọmọ Ẹ̀gbá ni Herbert, ará Aké ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n ibí ni wọ́n bí i sí, ó ń gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ. Mo wá rọra sọ ọ́, ó ní mo ń ka ìròyìn. Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹta ni wọn yóò tún mi dán wò. Bí kò bá dára nígbà náà, ẹlòmíràn ni wọ́n máa gbé e fún.

Ẹ̀yin ni ẹnu yín dùn jù nínú gbogbo ẹni tí mo mọ̀. Báwo ni obìnrin ṣe ń fi ọkùnrin tó fẹ́ràn ṣe ẹ̀fẹ̀ tí kì í fi í di ìjà? Ẹ kọ díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ẹ sì bá mi fi ọ̀rọ̀ tútù sọ fún bàbá mi.

Ọmọ yín,
Rodiat Àbẹ̀kẹ́.


Adigbe, Abẹ́òkúta,
Ọjọ́ Jímọ̀, 14 Oṣù Kejì, 2025.

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

O kú òtútù o, o kú iṣẹ́, o kú àjò. Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ. Bàbá rẹ wà, èmi náà wà. Orúnkún mi ti san. O ò gbà á gbọ́, má gbà á gbọ́.

Bírò ni mo fi kọ èyí, èmi fúnra mi ni mo sì ya fọ́tò rẹ̀, nítorí àwọn lẹ́tà ojú fóònù kéré fún ìka mi. Bí o bá rí okùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé náà, orí ọjà ni mo gbé e lé. Okùn àti garawa ṣì ni mò ń tà, mi ò tíì di òṣèré.

Ọ̀rọ̀ tútù wo lo ní kí n sọ? Ọ̀rọ̀ ti gbóná kí n tó débẹ̀. Abdulbaqi àbúrò bàbá rẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ rẹ̀ tí o sọ fún, kò tilẹ̀ jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ kó tó gbé e wá: "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní Rodiat ń ṣe àlè ọkùnrin kan nínú sinimá, ṣòkòtò ọkùnrin náà sì lẹ̀ mọ́ ọn lára." Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bàbá rẹ gbé àwo oúnjẹ sílẹ̀. Ó ní, "Èmi Láwàlì? Ọmọ tèmi?" Láti ọjọ́ náà, bí fóònù bá dún tó bá rí i pé ìwọ ni, yóò bọ́ síta bí ẹni tó fẹ́ lọ wo ojú ọjọ́. Ó ní kí n sọ fún ọ pé kí o kọ iṣẹ́ náà. Títí o ó fi kọ̀ ọ́, òun kò ní bá ọ sọ̀rọ̀.

Mo ní ohùn lásán ni, pé ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kàn ọ́. Ó ní, "Ohùn kì í ṣe ara ni?" Mo ní bí ohùn bá jẹ́ ara, a jẹ́ pé ara gbogbo àwa tí à ń polówó ọjà ní Láfẹ́nwá ti tán tipẹ́. Kò rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo sì rí i pé kò rẹ́rìn-ín ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára gan-an.

Èmi náà ní ẹjọ́ tèmi. Náómì yìí, ṣé ọkùnrin náà fẹ́ ẹ níkẹyìn? Ṣé ó mọ ìyá rẹ̀? Kí ni obìnrin gidi ń wá lórí òrùlé pẹ̀lú ọkùnrin tí kò mọ ilé bàbá rẹ̀? O wá ní kí n kọ ẹ̀fẹ̀ ránṣẹ́ kí o fi fún un. Ẹ̀fẹ̀ tí mo ń bá bàbá rẹ ṣe, ti bàbá rẹ ni. N kò yá ẹnikẹ́ni.

Bá mi wá awò ojú tuntun. Èyí tó wà lójú mi yìí ti ń bọ́ sílẹ̀ bí mo bá tẹ orí ba.

Ìyá rẹ,
Àlímátù.


Birmingham,
Ọjọ́ Ajé, 17 Oṣù Kejì, 2025.

Ìyá mi,

Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú àmójúkúrò. Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà yìí. Ẹ bá mi bẹ bàbá mi.

Mi ò ní ṣe iṣẹ́ náà láìjẹ́ pé bàbá mi yọ̀ǹda. Mo ti sọ fún Herbert. Ó wò mí lójú, ó ní ṣé mi ò tíì tójúúbọ́ ni. Mo ní mo ti tójúúbọ́ tipẹ́, ṣùgbọ́n mi ò tíì dàgbà kọjá ọmọ Láwàlì. Bí ọjọ́ ìdánwò bá pé tí bàbá mi kò tíì gbà, màá fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n yóò dùn mí, mi ò ní purọ́ fún yín. Láti àárọ̀ ni mo ti máa ń sọ èdè Òyìnbó fún àwọn arúgbó tí wọ́n ń pè mí ní Rosie. Ìgbà tí mo bá dé ẹ̀yìn máíkì yẹn nìkan ni mo máa ń gbọ́ ohùn ara mi.

Ẹ bi mí bóyá ọkùnrin náà fẹ́ ẹ. Ó lóun fẹ́ ẹ. Náómì ló dá a lóhùn pé kó kọ́kọ́ wá kí ìyá òun, kó sì gba ẹnu ọ̀nà wọlé, kó má gba ojú fèrèsé mọ́. Ẹ̀yin náà ẹ sọ, ṣé ẹni báyìí kò ní ẹ̀kọ́ ilé ni?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó ń dà mí láàmú. Ibì kan wà tí Balógun fò kọjá ibi tí afẹ́fẹ́ dára mọ. Bó bá ti gòkè tó bẹ́ẹ̀, orí rẹ̀ máa ń dàrú, kò sì ní mọ̀. Náómì wà nílẹ̀, ẹ̀rọ wà létí àti lẹ́nu rẹ̀, ó ń bá a sọ̀rọ̀. Ọkùnrin ń kú lọ, obìnrin tó fẹ́ràn rẹ̀ wá ń fi í ṣe ẹ̀fẹ̀! Herbert ní wọ́n fi ẹ̀fẹ̀ sí i kí àyà àwọn òǹwòran má baà já jù. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Nǹkan mìíràn wà níbẹ̀, mi ò kàn rí i dì mú ni. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ kò fi ara jọ ẹni tó ní ìfẹ́ rárá.

Mo fi apá kan nínú fíìmù náà, ibi kékeré yẹn nìkan, ránṣẹ́ sórí fóònù yín. Ohùn mi ló wà níbẹ̀, ẹ gbọ́ bó ṣe burú tó. Olújìmí kan tó ń gbé ìlú yìí ló ṣe ohùn ọkùnrin. Ẹ má fi han ẹnikẹ́ni o, wọn kò tíì fẹ́ kó jáde.

Mo ti ra awò ojú náà. Ẹnì kan tó ń bọ̀ wá sílé yóò mú un wá.

Ọmọ yín,
Àbẹ̀kẹ́.


Birmingham,
Ọjọ́ Ajé, 10 Oṣù Kẹta, 2025.

Ìyá mi,

Ẹ kú ààwẹ̀ o. Kí Ọlọ́run gbà á ní ìjọsìn.

Mo rí i pé ẹ ti ka lẹ́tà mi, àmì tó wà níbẹ̀ ti di búlúù láti oṣù tó kọjá. Ẹni tó mú awò ojú wá ní ẹ gbà á, ẹ ṣàdúrà fún òun, ẹ kò sì bèèrè mi. Mo pè, ẹ ní ẹ wà lọ́jà. Mo tún pè, ẹ ní ẹ fẹ́ kírun. Ṣé bàbá mi ti ní kí ẹ̀yin náà dákẹ́ ni? Bó bá jẹ́ fíìmù tí mo fi ránṣẹ́ ló bí yín nínú, ẹ bú mi. Ẹ kúkú mọ̀ ọ́n bú. Ṣùgbọ́n ẹ má dákẹ́ sí mi. Bàbá nìkan ti tó mi.

Ọjọ́ ìdánwò ti kù sí dẹ̀dẹ̀. N óò sọ fún Herbert ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ pé kó wá ẹlòmíràn.

Rodiat.


Adigbe, Abẹ́òkúta,
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 Oṣù Kẹta, 2025.

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Má sọ nǹkan kan fún Herbert. Kọ́kọ́ ka èyí tán.

O kú ààwẹ̀, o kú ìfaradà. Inú kò bí mi. Mo ti kọ lẹ́tà yìí, mo ya á, mo tún un kọ, mo tún un ya. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀ ni mi ò mọ bí mo ṣe máa gbé jáde, nítorí mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Kò sẹ́ni tó bèèrè.

Ọjọ́ tí o fi fíìmù yẹn ránṣẹ́, inú ìsọ̀ ni mo ti wò ó. Mo kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín. Mo ní, wo ọmọbìnrin yìí, ẹnu rẹ̀ ń ta bí ata. Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé kò wo òkè. Gbogbo àwọn tó yí i ká ń wo òkè, òun di ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bó bá ti sọ ọ̀rọ̀ kan, á dákẹ́, á di ojú. Ìwọ lo ń fi ohùn rẹ sáré bò ó mọ́lẹ̀. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo bú sẹ́kún láàárín garawa. Oníbàárà tó wà níwájú mi rò pé ọjà tóun ná wálẹ̀ jù ló ń dùn mí.

O mọ̀ pé kànga ni bàbá rẹ ń gbẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì. Ohun tí o ò mọ̀ ni pé èmi ni mo máa ń dúró lẹ́nu kànga. Abdulbaqi ló ń ṣe é tẹ́lẹ̀, àmọ́ ó lọ kọ́ iṣẹ́ mekáníìkì l'Ékòó. Àwọn òṣìṣẹ́ wà tí wọ́n ń di okùn mú, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí yóò máa bá a sọ̀rọ̀. Mo pọ̀n ọ́, mo tẹ̀ lé e.

Ẹni tó bá ti wọ inú kànga jìn, o ò ní rí i mọ́. Ohùn rẹ̀ nìkan ni yóò kù fún ọ. Afẹ́fẹ́ búburú sì wà nínú kànga mìíràn. Kì í rùn. Kì í ta ènìyàn lójú. Yóò kàn rọra wọ orí rẹ̀, ara á máa tù ú, á dà bíi pé oorun dídùn ń bọ̀. Bí o bá bi í pé, "Ṣé kò sí?" á ní kò sí. Ẹni tó ń kú lọ náà á ní kò sí! Nítorí náà a kì í bi agbẹ́kànga pé ṣé kò sí. Ẹ̀fẹ̀ la fi ń wò ó. Ẹni tí orí rẹ̀ pé nìkan ló lè dá ẹ̀fẹ̀ padà.

Gbogbo ilé tí a ti lọ gbẹ́ kànga ni wọ́n ń pè mí ní aláròyé. Mo lè wà lẹ́nu kànga, kí n ní, "Bàbá Rodia, ìyàwó kejì yín ti dé o, ó lóun ò lè fẹ́ ọkùnrin tó dọ̀tí báyìí." Á dáhùn láti ìsàlẹ̀ pé, "Ní kó jókòó, omi ìwẹ̀ ni mò ń wá bọ̀!" Mo lè ní, "Wọ́n ti ń pín ogún yín o, ta ni kó mú bùbá aláwọ̀ ewé?" Á ní, "Kò sẹ́ni tí ọrùn rẹ̀ wọ̀ ọ́!" Àwọn ènìyàn á máa rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Etí ni mò ń dẹ. Bó bá ti dá a padà báyìí, àyà mi á balẹ̀, n óò tún wá òmíràn.

Ní Itori, a ń gbẹ́ kànga kan fún bàbá àgbẹ̀ kan. Ó ti jìn. Mo ní, "Bàbá Rodia, ẹnì kan ń ná okùn tó so mọ́ yín yìí o, ṣé kí n tà á?" Bàbá rẹ tí mo mọ̀ yóò ní kí n ta òun mọ́ ọn. Lọ́jọ́ náà, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Jẹ́jẹ́ báyìí. "Bẹ́ẹ̀ ni, tà á."

Mo figbe ta pé, "Ẹ fà á!" Àwọn òṣìṣẹ́ ní, "Ìyá Rodia, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dáhùn ni, ṣé ẹ ò gbọ́ ni?" Mo ní ẹnu rẹ̀ ló dáhùn, òun kọ́. Mo gbá okùn mú pẹ̀lú wọn, ìwọ lẹ́yìn mi, a fà á. Nígbà tó dé òkè, ọrùn rẹ̀ ti rọ̀, ètè rẹ̀ ti dúdú. A fẹ́ ẹ, a da omi sí i lára, mo ń pe orúkọ Ọlọ́run. Nígbà tó ṣe, ó la ojú. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde ni, "Èló lo tà á?"

Nítorí náà, Herbert rẹ kò mọ nǹkan kan, Ọlọ́run á fi hàn án. Obìnrin yẹn kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín. Ó ń wò ó bóyá ọkọ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Mo fẹ́ràn ọmọbìnrin náà. Kò lè fò, kò lágbára kankan, ó kàn ní làákàyè àti ẹnu, ó sì ń fi méjèèjì di ọkùnrin ńlá mú kó má ṣubú. Mo ti gbàgbé ọ̀rọ̀ orí òrùlé. Kó dúró síbi tó bá wù ú.

O bi mí bí a ṣe ń ṣe é tí kì í fi í di èébú. Má fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó ní ọkùnrin kò ní ọpọlọ ń lé e lọ ni. Ẹni tó ní ọbẹ̀ rẹ̀ ti ń tutù, pé òun sì ti ń wo ẹran inú rẹ̀, ń pè é wálé. Fi ohun tó ń dúró dè é nílé ṣe é. Mo ti yá ọ ní tèmi, lò ó.

Ó ku bàbá rẹ. Lọ́jọ́ Ẹtì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ yìí, ó jókòó sórí ẹní, ó ń fa tẹ̀súbáà, à ń retí àtiṣínu. Mo gbé fóònù ka orí àga, mo tẹ fíìmù rẹ, mo sì ń gé ọsàn mi lọ bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Kò bojú wò ó. Nígbà tí ohùn ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í fà, bàbá rẹ gbé orí sókè, ó ní, "Àlímátù, kí ni wọ́n ń dúró wò? Ọkùnrin yẹn ti ń lọ. Kí wọ́n fà á!"

Mo ní, "Òkè ló wà, kò sí nínú kànga."

Ó ní, "Ibi yòówù kó wà, kí wọ́n fà á." Ó ní kí n tún un tẹ̀. Ó gbọ́ ọ tán, ó bi mí pé, "Ta ni obìnrin tó ń pè é?"

Mo ní, "Ọmọ yín ni. Àlè tí Abdulbaqi sọ nìyẹn."

Wọ́n pe ìrun, ó jẹ dàbínù, ó mu omi, ó kírun. Ìgbà tó padà jókòó ló tó ní, "Ó ń yára jù. Kì í dúró gbọ́ èsì kó tó tún sọ̀rọ̀. Sọ fún un pé kó máa dúró gbọ́ èsì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọkùnrin náà á kú mọ́ ọn lọ́wọ́."

Mo ní, "Ṣé kó ṣe é nìyẹn?"

Ó ní, "Kí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ?"

Ọmọ mi, o ti gbọ́. Ṣe é. Kò tíì lè gba fóònù o, ojú ń tì í díẹ̀. Fún un láyè.

Ìyá rẹ,
Àlímátù.


Birmingham,
Ọjọ́bọ̀, 3 Oṣù Kẹrin, 2025.

Ìyá mi, ìyá mi, ìyá mi,

Ẹ kú ọdún o, ẹ kú ìtúnu ààwẹ̀. Ẹ̀mí yín á ṣe púpọ̀ rẹ̀. Lórí ìdúró ni mo ti ka lẹ́tà yín, ní ibùdókọ̀, bọ́ọ̀sì mi dé, ó sì fi mí sílẹ̀ lọ. Mi ò tilẹ̀ mọ̀.

Wọ́n ti fún mi ní Náómì! Mo sọ fún Herbert pé kí Olújìmí bọ́ sínú yàrá kejì, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn, kí n má rí i. Mo ní kí ó dáhùn bó ṣe wù ú, kó má tẹ̀ lé ìwé. Ẹ̀rọ bo ẹnu Náómì níbẹ̀, ètè rẹ̀ kò hàn, nítorí náà kò sí wàhálà bí a bá yí ọ̀rọ̀ padà. Mo di ojú. Mo ní, "Balógun, ọbẹ̀ ẹ ti ń tutù o, mo sì ti ń wo ẹran inú rẹ̀." Olújìmí bú sẹ́rìn-ín láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó ní, "Fọwọ́ kàn án, kí o rí ìjà!" Mo dúró. Mo tún ju òmíràn sí i. Nígbà tó yá, ó mọ̀ọ́mọ̀ pẹ́ kó tó dáhùn. Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde lórí àga. Nígbà tó sì dáhùn pẹ̀lẹ́ pé, "Bẹ́ẹ̀ ni," mo pe orúkọ rẹ̀ bí mi ò ṣe pe orúkọ ẹnikẹ́ni rí. Herbert yọ ẹ̀rọ etí rẹ̀. Ó ní ta ló kọ́ mi. Mo ní ìyá mi ni, ó ń ta okùn ní Láfẹ́nwá.

Mo ti ń gbóríyìn fún Náómì kiri ìlú Òyìnbó, pé mi ò rí irú obìnrin yẹn rí, tó gbọ́n, tó mọṣẹ́, tó lẹ́nu. Irọ́ ni mò ń pa. Ẹ̀yìn irú rẹ̀ ni mo wà nígbà tó ń fa okùn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, Ìyá mi. Mo dúpẹ́ pé wọ́n ń pè yín ní aláròyé tí ẹ kò dákẹ́. Bí ẹ bá dákẹ́ ní ọjọ́ kan péré, ǹ bá má ní bàbá tí yóò bínú sí mi.

Wọ́n ní fíìmù náà yóò dé Abẹ́òkúta nínú oṣù Kejìlá. Bàbá mi gba fóònù lọ́jọ́ ọdún. Wọ́n ní, "Ṣé o ti jẹun?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní, "Ó dáa," wọ́n gbé fóònù fún yín. Mo mọ̀ pé ó ti pọ̀ fún wọn. Ṣé ẹ rò pé wọ́n á lọ wò ó? Mi ò lè bi wọ́n.

Ọmọ yín,
Rodiat Àbẹ̀kẹ́.


Adigbe, Abẹ́òkúta,
Ọjọ́ Àìkú, 21 Oṣù Kejìlá, 2025.

Rodiat ọmọ mi,

O kú ọjọ́ mẹ́ta o. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà. Èmi bàbá rẹ ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ èyí. Ìyá rẹ ló máa ya fọ́tò rẹ̀. Mo ní kó má kà á, ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ̀ ọ́n.

Lórí fóònù, bí mo bá ti gbọ́ ohùn rẹ, ọ̀rọ̀ máa ń sá mọ́ mi lẹ́nu. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bèèrè oúnjẹ.

A lọ wo fíìmù náà lánàá, èmi àti ìyá rẹ. Abdulbaqi tẹ̀ lé wa. Inú gbọ̀ngàn náà tutù, ariwo rẹ̀ sì pọ̀, wọ́n kàn ń wó ilé ṣáá. Abdulbaqi ní ṣòkòtò ọkùnrin náà kò kúkú lẹ̀ tó bí wọ́n ṣe sọ. Mo bi í pé ta ló sọ. Ó ní kí n máa wo iwájú.

Nígbà tó kan ibi tí ọkùnrin náà fò kọjá ààlà, mo gbọ́ ọ. O sọ̀rọ̀, o sì dúró. Gbogbo gbọ̀ngàn náà parọ́rọ́, obìnrin kan níwájú wa ti fi ìborùn bo ẹnu. O dúró gbọ́ èsì. Mo ti wà níbi tí ọkùnrin yẹn wà, ọmọ mi, mo mọ bí ohùn ṣe máa ń dé ibẹ̀. Kò dà bí ohùn ẹni tó ń ṣeré. Iṣẹ́ ọmọlúàbí lo ṣe. Inú mi dùn pé o kò kọ̀ ọ́.

Nígbà tí ọkùnrin náà bà sílẹ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún òun nìkan. Ó dùn mí. Nígbà tí wọ́n tan iná, mo dìde dúró. Ìyá rẹ ń fa aṣọ mi pé kí n jókòó. Mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ènìyàn, ìyá obìnrin tó ń pè é nìyí o!" Wọ́n yíjú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kí i, àwọn ọ̀dọ́ ń ya fọ́tò pẹ̀lú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣe mí jẹ́jẹ́ bí ẹyin o, n kò tíì fò rí."

Títí dòní, bí mo bá kọjá ní Itori, àwọn ènìyàn á ní, "Bàbá oníkànga, omi yín ṣì dára o, ẹ ṣeun." Mo máa ń sọ fún wọn pé Ọlọ́run ni ọpẹ́ yẹ. Òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run fi ẹnì kan sí ẹnu kànga, ẹnikẹ́ni kò sì kí i.

A jáde síta, à ń dúró de ọkọ̀. Mo ní, "Àlímátù, mo dúpẹ́ o."

Ó ní, "Nítorí kí ni? Èmi kọ́ ni mo ṣe fíìmù."

Mo ní, "Nítorí pé mo wà láàyè."

Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ìyá rẹ, mi ò tíì sọ ọ̀rọ̀ kan rí kí ó má rí èsì fọ̀. Lánàá, kò rí èsì. Ó kàn di ọwọ́ mi mú nínú ọkọ̀, kò sì fi í sílẹ̀ títí a fi dé Adigbe.

Èmi ni bàbá rẹ,
Láwàlì.